Mo Lọ sí Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Gbin Àìsàn

Ẹ̀yin ará Igbógílà, ẹ ti bi mí léèrè tó. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lọ́nà ọjà, lẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí, nídìí ẹ̀rọ gàrí: "Báwo lọ̀hún ṣe rí? Kí ni wọ́n ń jẹ? Ṣé òyìnbó pọ̀ níbẹ̀?" Mà á rẹ́rìn-ín, mà á ní ó dáa, mà á sì bá tèmi lọ. Ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo ń gbéra ga. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ lórí ìdúró, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gba físà àti bí ìjókòó bàálù ṣe rí, kó wá ẹlòmíràn bi. Èmi ò rántí, mi ò sì fẹ́ rántí. Ohun tí mo rántí ni òtútù, eruku pupa, àti ohùn ọmọ mi nínú fóònù.

Iṣẹ́ tó gbé mi lọ

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ò yé púpọ̀ nínú yín. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ajílété ṣì ń pè mí ní "nọ́ọ̀sì ewé", bí a bá sì pàdé níbi ìkómọ, á bi mí bóyá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ò ní ibà. Ó kúkú sún mọ́ òótọ́. Àlìkámà ni mò ń tọ́jú, ohun tí wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun tí a fi ń ṣe búrẹ́dì àti pọ́fù-pọ́fù. Ooru ilẹ̀ Yewa wa ò bá a lára mu. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń gbìn ín nígbà ọyẹ́, ibẹ̀ lèmi náà sì ti ń ṣiṣẹ́, ní oko ìwádìí kan.

Àìsàn kan wà tó ń bá àlìkámà jà. Ìpáàrà là ń pè é, nítorí pé ewé tó bá mú a máa rí bí irin tó dógùn-ún. Eruku pupa bí osùn á bo ewé àti igi rẹ̀, atẹ́gùn á gbé eruku náà láti oko dé oko, láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Bó bá wọ oko lónìí, kò ní pẹ́ tí àgbẹ̀ á fi dúró níwájú koríko lásán.

Ohun tí àwa ń wá ni àlìkámà tí ìpáàrà ò ní lè pa, kì í sì í ṣe fún ọdún kan. Irú kan wà tó máa ń mọ́ tónítóní, tí àìsàn ò lè fọwọ́ kàn rárá, ṣùgbọ́n irú yẹn kì í pẹ́. Ọjọ́ tí ìpáàrà bá pààrọ̀ ara, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Èyí tí à ń wá ni èyí tí àìsàn á mú, tó kàn máa mú un díẹ̀, tí kò ní lè borí rẹ̀ lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀, títí tí àwọn ọmọ wa náà á fi gbin tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń da akọ èyí pọ̀ mọ́ abo ìyẹn, kí a tó ní ìran àlìkámà kan, ìlà là ń pè é, tó jọ pé ó ní agbára yẹn nínú. Alàájì, ọ̀gá mi, wá ní kí n gbé irúgbìn náà lọ sí orí òkè ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí oríṣiríṣi ìpáàrà pọ̀ sí. Bó bá dúró níbẹ̀, a ó lè fi lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ já Àjọkẹ́ ọmọ mi lẹ́nu ọmú nígbà náà ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú omi ní ìhà Bonny, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Màmá mi ló ní kí n gbé ọmọ wá sí Igbógílà.

"Rísì, máa lọ," Màmá ní. "Èmi tí mo tọ́ ẹ náà ló máa tọ́ òun." Ó ká ọ̀já tí mo fi ń pọn Àjọkẹ́, ó kì í bọ báàgì mi. "Má fọ̀ ọ́ o. Bó o bá dé, òun ni kó o kọ́kọ́ fi pọ̀n ọ́n. Bó bá ti gbóòórùn ẹ̀, á dá ẹ mọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n nínú mi, ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù nípa gbogbo ìrìn-àjò yẹn: kí n má lọ padà dé kí ọmọ mi máa wò mí bí ẹni tó wá ra gàrí.

Òtútù

Ta ló tàn mí jẹ pé ilẹ̀ èèyàn dúdú ò lè tutù? Ankara àti sálúbàtà ni mo wọ̀ dé ìlú kékeré yẹn, kò jìnnà sí Nàkúrù. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, atẹ́gùn kan wọ inú egungun mi. Ìkùukùu wà lórí ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Àwọn èèyàn ń kọjá pẹ̀lú kóòtù àti fìlà òwú, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní ìbọ̀sẹ̀.

"Pole," ni ọkùnrin tó wá pàdé mi wí. Pole ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó ṣubú, fún ẹni tí òtútù ń mú, fún ẹni tó ti ìrìn-àjò dé, fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Etí mi gbọ́ ọ, ọkàn mi sì dáhùn, nítorí pé "pẹ̀lẹ́" tiwa ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ̀ mí lára lọ́hùn-ún nìyẹn.

Opó kan tí wọ́n ń pè ní Mama Wanjiru ni mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Obìnrin náà pariwo, ó dì mí mú lábẹ́ apá, ó fà mí dìde. Ó rò pé orúnkún mi ló yẹ̀. "Pole, pole sana," ó ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ mi, ó ń pe aládùúgbò kó bá òun gbé omi wá. Ó pẹ́ kó tó gbà pé ìkíni ni. Àwọn kì í kúnlẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń bọ̀, àtọmọdé àtàgbà, ẹni tó bá sì wọlé bá ogún èèyàn á bọ ogún lọ́wọ́ kó tó jókòó. Ó dùn mọ́ mi nígbà tó yá, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò kọ́ ọ bọ̀rọ̀. Títí tí mo fi kúrò níbẹ̀ ni mo ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí mo bá rí arúgbó, tí mà á tún yára nà án.

Ó po tíì fún mi, wàrà ló fi sè é láìfi omi sí i tó. Ó wò mí bí mo ṣe ń mu ún. "O ní ọmọ?"

"Mo ní."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Àjọkẹ́."

"Ó dáa. Mama Ajoke, káàbọ̀."

Bó ṣe tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè orúkọ mi. Bíi tiwa náà ni wọ́n ń ṣe, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe ìyá. Láti ọjọ́ kejì, ẹni tó ń ta túmátì, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, gbogbo wọn, Mama Ajoke ni. Nílé, bí ẹ bá pè mí ní ìyá Àjọkẹ́, mi ò tilẹ̀ gbọ́ pé orúkọ ọmọ mi wà nínú rẹ̀ mọ́. Lọ́hùn-ún, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é ni mo ń gbọ́ ọ. Kò sí ọjọ́ tí kò dùn mí.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ugali ni òkèlè wọn, àgbàdo funfun tí wọ́n rò le gan-an tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Ó dà bí ẹ̀kọ tó ń bínú. Wọ́n ní ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ náà dára, àmọ́ ata ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan Mama Wanjiru gbé àwo kan ka iwájú mi, inú mi dùn débi tí mo fi pàtẹ́wọ́: àdàlú! Ẹ̀wà àti àgbàdo, bí èyí tí Màmá mi ń sè lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu. Kò sí epo. Kò sí ata. Kò sí edé. Mo wo Mama Wanjiru bí ẹni tó jí nǹkan mi. Mo dìde, mo mú ata gígún tí mo gbé láti ilé, mo bù ú lé e. Òun náà ní kí n bu díẹ̀ fún òun. Ó jẹ ẹ́, ó mu omi, ó tún mu omi.

"Mama Ajoke," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "ṣé ẹ̀yin ń bá inú yín jà ni?"

Ìlà àwọn aláìsàn

Dókítà Chebet ló ni àkóso oko tí a ó ti dán irúgbìn wa wò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú mi rìn yí oko ká, mo rí àlìkámà tó ti pupa láti orí dé ìdí, àìsàn náà ń já sílẹ̀ lára rẹ̀ bí osùn. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti fa ọ̀wọ́ kan tu, mo ti ń mú èkejì. Ọmọ àgbẹ̀ Yewa wo ló máa rí àgbàdo tí àìsàn mú láàárín oko tí kò ní fà á tu kó má kó ran ìyókù? Láti kékeré ni Bàbá ti ń nà wá nítorí èyí tí a bá fi sílẹ̀.

"Rárá! Rárá!" Chebet ké. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí dáwọ́ dúró. "Mama Ajoke, a gbìn ín ni! A gbìn ín kó lè ṣàìsàn!"

Mo kúkú mọ̀. Ó wà nínú ìwé tí mo kà: ìlà àwọn tí kò lágbára ni wọ́n máa ń gbìn yí oko ká, kí ìpáàrà lè pọ̀ lára wọn, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ ẹ lu àwọn tí à ń dán wò. Èmi ni mo kàwé, ọwọ́ mi ò kà á. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àlìkámà aláìsàn lọ́wọ́ ọ̀tún àti ti òsì, gbogbo oko ń fi mí rẹ́rìn-ín, Chebet pàápàá. Ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó tún un rì mọ́ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Kò yè.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń gbin àìsàn, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n tilẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ gún un sí igi àlìkámà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà fi abẹ́rẹ́ gún un títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Mo gbin ìlà tiwa sáàárín gbogbo rẹ̀.

Òfin kan wà tí Chebet sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, tí kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ohunkóhun tó bá ti wọ oko, ìbáà ṣe bàtà, ìbáà ṣe ṣòkòtò, ìbáà ṣe ìborùn, kò gbọdọ̀ kúrò nílùú náà. Eruku yẹn kéré débi tí ojú ò lè rí i lára aṣọ, oríṣi rẹ̀ kan sì wà lọ́hùn-ún tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá gbé e lọ sílé ti gbé ìyàn lọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Mo ra kóòtù àlòkù kan lọ́jà wọn fún oko. Àwọn nǹkan ilé mi, mo kó wọn sínú báàgì, mo sì fà á pa. Ọ̀já Àjọkẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Màmi inú fóònù

Fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì ni Màmá mi ń lò, kò lè gbé àwòrán. Ohùn nìkan ni mo ní. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Àjọkẹ́ kì í sọ nǹkan kan, mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mà á máa kọrin fún un, mà á máa pe oríkì rẹ̀, á máa mí. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbòòrò lójoojúmọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ èmi ni mo kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màmi, mo ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí," mo sì jókòó sórí ibùsùn Mama Wanjiru, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n lù.

"Ó máa ń yí ẹ̀yìn fóònù padà," Màmá sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ń wò ó bóyá ibẹ̀ lo sá pamọ́ sí."

Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àlìkámà wa jáde, tó ga tó ìka, ìpáàrà mú un. Ó mú un bó ṣe mú àwọn yòókù, ewé rẹ̀ pupa, kò sí ìyàtọ̀. Mo pe Alàájì, mo sọ fún un.

"Ó mà ṣe o," Alàájì ní. "Rísìkátù, ìwọ lo wà níbẹ̀, ìwọ lojú wa. Bó bá ti ṣubú, sọ pé ó ti ṣubú, kó o máa bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ẹ. Kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lẹ́bi."

Ẹ wò ó, ọ̀nà ilé ti ṣí. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Àmọ́ mo mọ ohun tí Alàájì náà mọ̀, tí àánú mi ò jẹ́ kó sọ. Irú agbára tí à ń wá yìí kì í fara hàn lára èyí tó kéré. Ní kékeré, èyí tó máa yè àti èyí tó máa kú, bákan náà ni wọ́n ń ṣàìsàn. Ó di ìgbà tí ewé ìkẹyìn bá jáde, èyí tó wà lábẹ́ ṣírí gan-an, kí èèyàn tó mọ̀. Oṣù ṣì pọ̀ níwájú kí ìyẹn tó dé.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo fẹ́ kó ti ṣubú. Èmi tí mo ti ń tọ́jú ìlà yẹn kí n tó lóyún Àjọkẹ́, mo dúró lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní, "Ṣubú, kí n máa lọ sílé." Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo pe ilé, Màmá sì gbé fóònù fún Àjọkẹ́. Ó ní òun ń ṣeré. Màmá ní kó kí Màmi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè: "Ẹ ní kó padà wá lọ́la." Bí wọ́n ṣe ń lé oníbárà nìyẹn.

Mi ò lè sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí báàgì, mo fa ọ̀já náà yọ, mo wé e mọ́ àyà mi lábẹ́ kóòtù. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan dì mí mú ni. Inú ìrònú yẹn ni mo wà tí mo fi rìn dé àárín oko, tí mo jókòó ti ìlà wa, tí eruku pupa ń fò lọ fò bọ̀ lórí mi. Ìgbà tí mo ṣí kóòtù nítorí oòrùn ni mo rí ohun tí mo ṣe. Ọ̀já ti wọ oko, eruku ti bà lé e.

Chebet bá mi níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀gá mi ní kí n máa bọ̀ bó bá ti ṣubú.

"Ṣé ó ti ṣubú?" ó bi mí.

"Mi ò tíì mọ̀."

"Bí o bá sọ pé ó ti ṣubú, mà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Èmi náà ní ọmọ."

Ì bá ti dáa kó bá mi jà. Mo wo àwọn ewé kéékèèké yẹn títí, mo sì ní kó má kọ nǹkan kan. Mo pe Alàájì pé mà á dúró. Mi ò sọ fún Màmá títí ọ̀sẹ̀ fi yí.

Ewé ìkẹyìn

Lẹ́bàá tiwa, ìlà kan wà tí wọ́n gbé láti ilẹ̀ mìíràn wá. Arẹwà ni. Kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, ó dúdú minimini, gbogbo àlejò tó bá wá sí oko ló ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya tiwa, ó ṣi ọ̀nà ni. Èmi náà ń jowú rẹ̀, kí n má purọ́.

Bí òjò ṣe ń parí lọ, ìpáàrà irú mìíràn gbilẹ̀ nínú oko. Mo dé lọ́jọ́ Ajé, mo rí i pé arẹwà náà ti yọ ojú pupa díẹ̀ díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti wó lulẹ̀, ṣírí rẹ̀ ṣófo. Ọmọkùnrin tó ni ín dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, mo ní, "Pole."

Mo wá yíjú sí tiwa. Ewé ìkẹyìn ti jáde. Àìsàn wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àwọn àmì kéékèèké, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, àmọ́ wọn ò lè tàn kálẹ̀. Àwọ̀ ewé wà láàárín wọn. Mo tẹ ṣírí, ọmọ inú rẹ̀ le. Chebet fi àtàǹpàkò ra ewé kan, ó gbé àtàǹpàkò náà sókè nínú oòrùn, eruku tó wà lára rẹ̀ ò tó nǹkan. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra.

Mama Wanjiru ṣe ṣapátì fún wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ tó ń rọ̀ lọ́wọ́. Inú mi dùn gan-an. Ó sì tún dùn mí. Àwọn àgbẹ̀ kan máa kórè nítorí pé mo dúró, wọn ò ní mọ orúkọ mi láé, ìyẹn ò sì jọ mí lójú. Àmọ́ ọmọ kan wà ní Igbógílà tí òun náà ò mọ̀ mí mọ́.

Ohun tí mo fi sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò, wọ́n dá iná sí ẹ̀yìn oko. Mo ju bàtà mi sí i, mo ju kóòtù sí i, mo ju ìborùn sí i. Aṣọ kékeré tí mo rà fún Àjọkẹ́ ní Nàkúrù wà nínú báàgì tó mọ́, ìyẹn ò wọ oko rí. Ọ̀já wà lọ́wọ́ mi.

Chebet wò ó. "Ìyẹn kì í ṣe aṣọ oko. Ti ọmọ ni."

Ọ̀nà ló ń là fún mi, mo mọ̀. Ta ló máa tú báàgì mi wò? Ta ló máa mọ̀? Mo rántí ohun tí Màmá sọ, pé òun ni kí n kọ́kọ́ fi pọ̀n ọ́n. Mo gbé e sí imú. Èéfín igi ìdáná Mama Wanjiru àti òórùn koríko ló ń rùn. Òórùn Àjọkẹ́ ti lọ lára rẹ̀ tipẹ́, mi ò kàn fẹ́ gbà ni. Mo rò ó pé láti Igbógílà, Òkè Ọya ni mò ń padà sí, sáàárín oko àwọn tí mo tìtorí wọn lọ.

"Ó wọ oko," mo ní, mo sì jù ú síná fúnra mi.

Mama Wanjiru sìn mí dé ibi ọkọ̀. Kò jẹ́ kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyá àgbà náà kúnlẹ̀ fún mi, ní gbangba ọjà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, àwọn èèyàn ń wò. Èmi ni mo fà á dìde.

Ilé

Mo ti gbàgbé pé ilẹ̀ wa pupa tó bẹ́ẹ̀. Láti Ìlaròó wá ni mo ti ṣí fèrèsé ọkọ̀, mo jẹ́ kí eruku ọ̀nà bo ojú mi, mi ò bẹ̀rù rẹ̀. Mo fi láìnì Nàìjíríà mi pe Màmá pé mo ti súnmọ́lé. Ó ní láfún ti wà lórí iná, ata rẹ̀ á pa mí.

Àjọkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi agolo mílíìkì bu yẹ̀pẹ̀. Ó ti ga. Irun rẹ̀ ti tó dì. Mo ti ń dá a rò láti orí òkè yẹn pé mi ò ní sunkún, kí n má baà dẹ́rù bà á, àmọ́ omijé ti ń bọ́ lójú mi kí n tó pe orúkọ rẹ̀. Ó rí mi, ó fi agolo sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ káàbọ̀ mà," ó ní.

Màmá sáré jáde, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Àjọkẹ́! Màmi rẹ rèé! Màmi rẹ dé!"

Àjọkẹ́ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mi orí. "Àlejò ni," ó ní. "Màmi wà nínú fóònù." Ó wá di ìró Màmá mú. "Màmá, ẹ bá mi pe Màmi. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé àlejò wá."

Màmá wò mí. Ó fa fóònù yọ nínú àpò, ó tẹ̀ ẹ́, ó fún un. Fóònù mi dún nínú báàgì. Mo sáré gba ẹ̀yìn ilé kọjá, mo fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná, mo gbé e.

"Màmi?"

"Àjọkẹ́ mi."

"Màmi, àlejò kan wá o."

"Àlejò wo?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ní báàgì. Wọ́n ń sunkún."

"Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Wọn ò tíì jẹun. Wọ́n ti sá lọ sẹ́yìn ilé."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu títí ohùn mi fi padà. "Àjọkẹ́, ilẹ̀ máa ṣú láìpẹ́. Ṣé kí àlejò yẹn sùn sílé wa?"

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, bó ṣe máa ń mí láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kí wọ́n sùn," ó ní. "Àmọ́ orí ẹní ni o. Bẹ́ẹ̀dì ti Màmi ni."